Ike Tí Omi Ń Gbà Kọjá

Ọjọ́ tí ófùnù wa bàjẹ́ ni mo tó mọ irú ènìyàn tí ọ̀gá mi jẹ́.

Láyé ìjọba ológun ni, nígbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ayọ̀bọ̀. Ẹ̀gbẹ́dá ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, níbi tí a ti ń fi ike ṣe awo asẹ́ omi. Ike lẹ́búlẹ́bú, tó funfun bí ìyẹ̀fun, la máa ń rọ sínú mọ́ọ̀dù onírin, a ó dé e pa, a ó sì gbé e sínú ófùnù. A kì í fẹ́ kó yọ́ o. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí hóró rẹ̀ kàn rọ̀, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, kí àyè tín-ín-tín ṣẹ́ kù láàárín wọn. Àyè yẹn ni omi ń gbà kọjá, tí ẹrẹ̀ á sì há sókè. Bí ooru bá kéré, awo asẹ́ náà á rún mọ́ni lọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, á dì pa bí abọ́ ìjẹun.

Bọ̀dá Rafiu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ọ̀gá mi. Bó bá ti tú awo kan jáde, á fi ẹnu sí i, á fẹ́ ẹ. Bí èémí bá kọjá, á ní, “Fọlákẹ́, ó ń mí.”

Lọ́dún kan, Nọ́ọ̀sì Adébísí, tó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ayọ̀bọ̀, wá bá wa. Òjò ti sọ omi kànga rẹ̀ di pupa.

“Omi yìí náà la fi ń wẹ ọmọ tuntun,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá mi ṣe awo asẹ́ kan.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ni iná mànàmáná ya dé pẹ̀lú agbára, wáyà tó ń gbóná nínú ófùnù sì jó. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó. Mo rò pé ọ̀gá mi á ní kí nọ́ọ̀sì máa lọ. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní ká lọ sí Akówonjo, lọ́dọ̀ Ìyá Tòkunbọ̀ oníbúrẹ́dì.

“Ẹ fẹ́ kí búrẹ́dì mi máa rùn bí ike, àbí?” ni ìyá náà bi í.

“Ó tì o, Ìyá. Ààrò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ẹ ti pa tì, ni mo ń tọrọ.”

“Ta lẹ fẹ́ ṣe é fún?”

“Ilé ìgbẹ̀bí kan ni.”

“Ẹ lọ kó igi wá, jàre.”

A dáná, a kó mọ́ọ̀dù sí i. Nígbà tí a tú u, awo ń dán gbinrin. Ọ̀gá mi fẹ́ ẹ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, èémí kò kọjá.

Ìyá Tòkunbọ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀ ń fi iná tó ń jó sè é ni. Ẹ jẹ́ kí igi jó tán, kí ẹ wọ́ ẹyin iná jáde. Bíríkì ló ń se búrẹ́dì, kì í ṣe iná.”

Nígbà tí a wọ́ ẹyin iná jáde, ó wọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀ ààrò láti fi mọ bó ṣe gbóná tó, ìyẹ̀fun náà sì dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A dúró. Ó tún wọ́n òmíràn, ìyẹn pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí awọ ẹ̀pà.

“Ó tó búrẹ́dì,” ló wí.

“Tèmi ń fẹ́ kó rọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ìyá.”

Ọ̀gá mi káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, ó ń wo gbogbo ohun tí obìnrin náà ń ṣe. Ìgbà tí ìyẹ̀fun kò pọ́n mọ́ la tó ti mọ́ọ̀dù wọlé, a sì fi páànù dí ẹnu ààrò.

Lọ́tẹ̀ yìí, èémí kọjá.

Ìyá Tòkunbọ̀ ní òun gbọ́dọ̀ fojú òun rí i, ló bá bá wa dé Ayọ̀bọ̀. A de awo náà mọ́ ìdí dúrọ́ọ̀mù, nọ́ọ̀sì da omi pupa náà sí i. Àwọn aboyún dìde lórí bẹ́ǹṣì. Omi kò kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá, ó kán tó, ó tún kán, ó ń kán sínú gíláàsì, ó mọ́ gaara.

“Màá ṣì sè é o,” ni nọ́ọ̀sì wí, “ṣùgbọ́n ẹ wò ó!” Ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Bọ̀dá Rafiu sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa Ìyá Tòkunbọ̀ síwájú. “Ọ̀gá mi nìyí. Àwọn ni kí ẹ kí.”

Ìyá náà fi gèlè bojú. Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ yìí ni n óò ṣe dàgbà, mo sì ṣe é dàgbà.