Sàréè Méjì fún Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi kú nílé wa ní Ìkàrẹ́, tí wọ́n gbẹ́ sàréè méjì dè é kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé wa, nítorí màmá mi kò fẹ́ kó jìnnà sí òun. Èkejì wà ní Ọ̀kà, nínú ọgbà ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ìyá Ọ̀kà ni gbogbo wa ń pè é. A ránṣẹ́ ikú sí i láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí sọ ibi tí a ó sin òkú sí fún un.

Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí Ìyá Ọ̀kà tó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé pósí tó ń dán yinrin dé, Lèmọ́mù ti kírun sí bàbá mi lára, wọ́n sì ti kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìyá náà wo òkìtì yẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó, o ò tilẹ̀ jẹ́ kí n fojú kan àbúrò mi," ló wí fún màmá mi.

Màmá mi bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni Ìyá Ọ̀kà rántí sàréè tó ṣí sílẹ̀ nílé rẹ̀ ní Ọ̀kà. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ fún òkú kì í sùn lófìfo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fúnra rẹ̀ yan ẹlòmíì nínú ẹbí. Ẹ wá wo àwọn àgbà! Èyí tó ti ń wúkọ́ látàárọ̀ gbé ikọ́ mì. Èyí tó ń tiro ń rìn gaaraga. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé olùkọ́ni dìde, mo ní ohun asán ni.

"Ó dáa, ọmọ mi," ni Ìyá Ọ̀kà wí, "ìwọ ni kó o lọ sùn tì í lálẹ́ òní."

Mo jókòó.

Màmá mi ló nu ojú rẹ̀, tó ní kí wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun tó wà lẹ́bàá kànga. Ó mú agbádá tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù, ó fi wé ìtì náà, ó sì gbé e fún Ìyá Ọ̀kà bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Lèmọ́mù yíjú sí ògiri, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

Wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pọ́n àdá sí, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e nínú pósí gun òkè Ọ̀kà. Àwọn èèyàn ń ṣí fìlà lẹ́bàá ọ̀nà. "Ẹni rere a máa wúwo báyìí," ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e wí. Ẹ̀rín pa mí, mo fi ìborùn bojú, wọ́n rò pé ẹkún ni, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó fi ń rẹ bàbá mi lẹ́kún lọ́mọdé, ẹkún gidi gbọ̀n mí.

Láti ọdún yẹn, bí a bá ti pa ẹran Iléyá, màmá mi a gbé ìpín Ìyá Ọ̀kà lọ fún un. Yóò kúnlẹ̀ nídìí sàréè náà, yóò ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, a ti dé o." Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń kí.

"Rọra sọ̀rọ̀," ló dá mi lóhùn, "ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́."

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sin Ìyá Ọ̀kà sí nígbà tó dágbére fáyé. Bí mo bá ń kọjá lónìí, mo máa ń yà, inú mi a sì dùn. Àwọn méjèèjì ni mo máa ń kí.