Ìkíni Ìrẹ̀mídé

Àwa ará Agbowó la kọ́kọ́ ṣẹ Láwùmí. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì rẹ̀ ló kángun sí ibi tí mo ti ń ránṣọ. Ìrẹ̀mídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bébà tó bá ń gbóná jáde lára ẹ̀rọ ló máa ń mú, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ á sì jágbe mọ́ ọn. Àwa náà kì í dákẹ́. A ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo wà lára àwọn tó sọ ọ́, ojú sì ń tì mí.

Dókítà ní ọ́tíísìmù ni, pé bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí Láwùmí yóò ṣe tó bá délé. Nígbà tó yá ló rí Nàfísátù, olùkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kan láti Bódìjà, tó ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù náà ní gbogbo Ọjọ́rú.

Lọ́jọ́ kan Láwùmí bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ kó máa kúnlẹ̀. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé. Wọ́n ní tí kò bá kí àwọn, àwọn á mú un lọ sílé àdúrà, ibẹ̀ ni á máa gbé."

Nàfísátù ní, "Bébà tó ń mú fún yín yẹn, ìkíni rẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ kí i, kẹ́ ẹ wá ka ení dé ẹ̀wá nínú yín, kó lè ráyè dáhùn. Kì í ṣe òun nìkan ni mo wá kọ́."

Láwùmí sunkún lọ́jọ́ náà, nítorí gbogbo igbe tó ti ké mọ́ ọmọ. Èmi náà kọ́ bí a ṣe ń kí i. Kò rọrùn fún mi, torí àgbà kì í kọ́kọ́ kí ọmọdé.

Ní Sátidé, bàbá Láwùmí, Bàbá Ògúntúndé, dé, díákónì ni wọ́n, Bíbélì wà lábíyá wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí ìkúnlẹ̀. Ìrẹ̀mídé kọjú sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

"Láwùmí, di ẹrù ọmọ yìí."

Láwùmí ló kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí i, kẹ́ ẹ wá kà dé ẹ̀wá."

Mo rò pé wọ́n á bínú jáde ni. Wọ́n wo Láwùmí lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n wá kọjú sí ọmọ-ọmọ wọn.

"Ìrẹ̀mídé, o kú ilé."

Ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń kà nínú. Wọ́n kà á tán, ọmọ ò mira. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Wọn ò tíì kà á tán lẹ́ẹ̀kejì tí Ìrẹ̀mídé fi mú bébà kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kò wojú wọn. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n rọra fi í sínú Bíbélì. Wọ́n ní ká bá àwọn gbé àga wá.

"Olùkọ́ yẹn," wọ́n ní, "ọjọ́ wo ló tún ń bọ̀?"