Iná Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Gbé Wá Síbi Ìkómọ

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò ka ohunkóhun sí bí kò bá tàn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Okaishie kún fún gílóòbù, fáànù àti rédíò, a sì máa tan gbogbo iná ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àfi bí ẹni pé oòrùn Accra kò tó o. Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nígbà náà, ẹnu gbogbo èèyàn kò kúrò lórí ayé tuntun. Ọkùnrin yìí gbà pé tìtorí òun ni ayé tuntun náà ṣe dé.

Mo bí ọmọkùnrin kan. Ikọ́ ló pa èyí tí mo bí ṣáájú rẹ̀, kò tíì rìn tó fi lọ. Nítorí náà, bí ọmọ tuntun yìí bá sín lásán, àyà mi á já. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba èbúté Tema lọ, ó ra iná kan lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, ó sì gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ.

"Ìyàwó," ó ní, "iná tó ń pa kòkòrò àrùn nìyí. Ẹni tó bá gbé ikọ́ bọ̀ níbí, ikọ́ náà á kú mọ́ ọn lára."

Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Irin kan wà tí wọ́n fi bo gíláàsì iná náà, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ sókè àjà, kó má bọ́ sí èèyàn lára. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni wa kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi súkúrú-dírífà yọ irin náà dànù. "Iná wo la tún ń bò? Ṣé ó jalè ni?" Ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó tàn án, gbogbo ilé sì di búlúù. Ó dúró tì í, ó fọwọ́ sí ìbàdí, bí ẹni tó fúnra rẹ̀ dá mànàmáná.

Àwọn àgbà ẹbí dé láti Jamestown, wọ́n jókòó kọjú sí i. Ẹni tó bá wọlé á béèrè pé kí lèyí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á ṣàlàyé, onítọ̀hún á gbójú sókè, á la ẹnu sílẹ̀. Ohun tójú bá ń wá lojú ń rí.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ti àwa ìyàwó ilé. Ní ilé ọkọ mi, ìkíni kì í ṣe ohun ìkánjú. O ó kúnlẹ̀, o ó tẹrí ba, o ó kí àgbà kọ̀ọ̀kan, o kò sì ní gbójú sókè títí wọn ó fi ní kí o dìde. Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà gbàgbé wa sórí ìkúnlẹ̀, iná ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn ọrùn wa wà níta gbangba lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbà á, ó ṣí ìborùn lójú rẹ̀, ó sì gbé e sókè sí iná náà. "Ẹ jẹ́ kó wẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀!" Wọ́n ṣe àmín.

Inú bí mi. N kò mọ ohunkóhun nípa iná, ọkùnrin náà ni mo mọ̀. Fáànù tó fún ìyá ọkọ mi gbá a lọ́wọ́. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ jó aṣọ ìgbéyàwó mi. Ọmọ mi ló wá kù báyìí? Mo dìde, mo ní ọmọ ń wá ọmú. Kò sí àgbà tó lè bá ọmú du ọmọ. Mo gbà á, mo fi aṣọ bò ó mọ́ àyà, mo kẹ̀yìn sí iná, n kò sì yíjú mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ọkọ mi ní iyanrìn ti kún ojú òun. Láìpẹ́ gbogbo wọn ti ń nu ojú, ojú pọ́n, ó wú, omi ń dà. Wọ́n máa ń ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn wọ̀nyí ń sunkún, wọn kò ríran. Ẹ̀yìn ọrùn àwa obìnrin ń ta wá bí ẹni fi ata pa á. Onílé wa, obìnrin Ga kan, yọjú, ó pariwo pé àwọn Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ti fi iná yan ara wọn bí ẹja.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí! Ó ní àwọn kòkòrò tó ń kú ló ń ta wá.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò lajú láti ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a kó ara wa dé ọsibítù. Dókítà wò wá, ó ní ta ni wẹ́dà nínú wa, torí iná wẹ́dà ló ń ṣe ojú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ iná, ó káwọ́ lérí. "Wọ́n máa ń jáde nínú yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó tan ìyẹn láìbò. Iná náà kò mọ̀ pé èèyàn yàtọ̀ sí kòkòrò." Ó ní ojú àwọn àgbà á sàn. Ó wá gbé ọmọ mi, ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i. Ó tún ṣí ìkejì wò. Ó ní nǹkan kan kò ṣe é, pé oorun ọmọ tuntun ló ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ìyàwó, ṣé ọmọ ń ríran?"

Mo fẹ́ kó jókòó ti ìbéèrè yẹn nínú òkùnkùn, bí èmi náà ṣe jókòó tì í. Ó na ọwọ́, ó ń wá ọmọ kiri nínú afẹ́fẹ́. Mo fà sẹ́yìn, ọmọ sì lajú ní àyà mi.

"Ó ń ríran," mo dáhùn nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn. "Ẹ̀yin gan-an ló ń wò báyìí."