Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò ní Pálọ̀

Nígbà tí owó epo dé, tí Onitsha ń tún ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ogun, àwọn aládùúgbò wa ń ra páànù àti sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ra kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà. Iṣẹ́ báǹkì ló gbé ọkùnrin náà wá sí Onitsha, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé; Dádì ni mo ń pè é. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa ṣe eré ìdárayá. Ẹ wo ikùn náà, ẹ ó gbà pé dókítà ò parọ́.

Kẹ̀kẹ́ nìkan ò tó o. Ó tún ra ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, ó sì gba síláìdì, àwọn fọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀, ti ọgbà yunifásítì kan n'Íbàdàn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n sínú ẹ̀rọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀, yóò fa kọ́tìnì, yóò wọ ṣòkòtò péńpé, yóò sì kọjú sí ògiri, yóò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ láti géètì inú àwòrán dé ilé ìkàwé ibẹ̀. "Ẹ yà sọ́tùn-ún!" ni yóò máa pariwo. Ìyá kan tó ń ta iṣu ní Relief Market máa ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Oga, you never reach?"

Nínú àwòrán kan, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Mo sọ fún Dádì. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ò ka irú ìyẹn sí.

Nígbà tó yá, yunifásítì yẹn gan-an kọ̀wé pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aago mẹ́wàá. Mo fẹ́ kàwé yẹn ju oúnjẹ lọ. Dádì mú mi lọ. A dé géètì nígbà tó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Má bi ẹnì kankan," ó wí. "Mo mọ ibí bí ẹni mowó."

Ó yà sọ́tùn-ún. Mo wo igi ńlá ẹnu géètì: òsì ló máa ń wà lára ògiri wa, ọ̀tún ló wà níbí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yé mi. Ó ti ki gbogbo síláìdì náà bọ ẹ̀rọ lódì, tí ọ̀tún fi di òsì.

A rìn títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọjá lára wa. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ, nítorí wọ́n ti kọ́ mi nílé pé n kò gbọdọ̀ sọ fún àgbà pé ó ṣìnà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ọ́fíìsì náà. Akọ̀wé ní wọ́n ti parí, wọn kò sì ní pe ẹnikẹ́ni mọ́. Dádì bá a jà pé wọ́n ti yí ọgbà wọn padà láì sọ fún ará ìlú. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín.

N kò wọ yunifásítì kankan. Mo ti fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri, àwọn èèyàn sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun kò mọ ọ̀nà. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì ń tẹ̀ lé e.