Òkìtì Ìrẹsì Kan Ṣoṣo

Ọdún tí ilé ìtajà ìgbàlódé kan ṣílẹ̀kùn ní Fájuyì, l'Adó, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ja ìjà ìyanṣẹ́lódì kò tíì fẹ̀yìn tì. Ìrẹsì òkè òkun ló kún ilé ìtajà náà. Ti Igbemo, ìlú wa tó wà nítòsí, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti àwọn àgbẹ̀ wa fi dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú páálí tí a kọ ọ̀rọ̀ sí. Lọ́jọ́ kẹta, máníjà jáde sí wa.

"Ẹ kó àpò mẹ́wàá wá. Tó bá mọ́, a ó máa gbà á lóṣooṣù."

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa. Wọ́n gbé mi sọ́rùn, orí mi sì wú.

Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wa ló ń sá ìrẹsì bíbọ̀ sétí títì ọ̀dà, níbi tí táyà ọkọ̀ ti ń ta òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Màmá Bọ́lá, opó kan tó dàgbà jù mí lọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ẹní ló ń sá tirẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé, á sì jókòó ṣà á títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti ń halẹ̀ pé bí oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò bá mówó wọlé, àwọn á gbà á. Nígbà tí a kó ìrẹsì jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí kálukú kọ orúkọ sára àpò tirẹ̀.

"Màmá, ẹgbẹ́ ni wá," mo dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

"Tíṣà, ọwọ́ tó bá dọ̀tí ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. A da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí òkìtì kan, pásítọ̀ gbàdúrà sí i, a tún un dì sápò.

Nígbà tí a kó o dé ilé ìtajà, máníjà bu abọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí tíréè funfun. Ó ṣa òkúta mẹ́ta, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

"Ṣé èyí lẹ tìtorí ẹ̀ pariwo fọ́jọ́ mẹ́ta?"

Ó dá àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà. Ojú tì mí débi pé n kò lè wẹ̀yìn. Màmá Bọ́lá rọra fọwọ́ kan àpò kan.

"Uṣẹ́ ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀, Tíṣà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣà á yọ báyìí?"

Kí ìkórè mìíràn tó dé, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ti gba oko náà.

Lónìí, ìrẹsì Igbemo wà lórí pẹpẹ ilé ìtajà náà. Oníṣòwò kan tó ní ẹ̀rọ ayọkúta ló ń rà á lọ́wọ́ wa ní owó pọ́ọ́kú, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lára àpò. Ìyẹn la jèrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìjà, ẹ má ṣe fi òwe pa ẹni tó ń sọ òótọ́ lẹ́nu mọ́ bíi tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Màmá Bọ́lá n'Íjàn, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ Bọ́lá ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kí n tó lanu, ó ti gbé ìrẹsì Igbemo tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà síwájú mi. Mo ń rọra jẹ ẹ́, bó ṣe ti mọ́ mi lára. Ó wò mí títí.

"Jẹ ẹ́ dáadáa, Tíṣà. Kò sí òkúta nínú temi."