Ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá padà sí Aguidi

Bí wọ́n bá ti ń bu epo ẹ́sáǹsì sínú alùpùpù ní ọjà Sàkẹ́tẹ́, òórùn rẹ̀ máa ń dá mi padà sínú oko àgbàdo wa ní Aguidi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní kékeré mi, a gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá ìjọba, òórùn ẹ́sáǹsì rẹ̀ sì gba gbogbo oko. Irú rẹ̀ ló kó bàbá mi àtàwọn ọkùnrin mìíràn lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n mí. Ìjọba fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n pa agbowó-orí kan. Ìyá mi fà mí wọ àárín àgbàdo, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ewé ń gé mi lójú, èèrà ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, n ò lè sunkún.

Ọkùnrin gbígbẹ kan tí wọ́n fá lórí kanlẹ̀ ń bọ̀ láàárín ebè.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, jáde wá, èmi ni. Adájọ́ Àjàṣẹ́ ní a ò jẹ̀bi, gbogbo wa."

Ìyá mi figbe ta, ó dì mọ́ ọn. Mo rò pé ọkùnrin náà fẹ́ gbé ìyá mi lọ ni, mo di ìró rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìjọba ò ní ẹlẹ́rìí kankan lórí ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá ẹ nìyí," ni ìyá mi wí.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni mo wí, bí mo ṣe ń kí àgbàlagbà tí n ò mọ̀ rí.