Ihò Tí Màmá Dá sí Ìlà Oòrùn

Ọdún tí afárá odò wa wó ni àbúrò mi ṣàìsàn. Ọmọ mi, òórùn àbẹ́là tí màmá rẹ tan láti fi gbàdúrà ní Marietta, ní Amẹ́ríkà níbí, ló rán mi létí. Nígbà náà, wòlíì ìjọ wa tan mẹ́rin yí ẹní àbúrò mi ká, fún áńgẹ́lì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Ó ní, "Ráfáẹ́lì ló ń woni sàn, ìlà oòrùn ló ń gbà wọlé."

Mo ní, "Màmá, ògiri ló wà níbẹ̀ o."

"Sún kúrò!" Màmá gbé ọkọ́, ó dá ògiri amọ̀ náà lu. Ọ̀sán ni, oòrùn ti kọjá. Eruku nìkan ló wọlé. Mo sọ sí àbúrò mi létí pé, "Ó ń bọ̀."

Àṣé ó ti kú kí Màmá tó gbé ọkọ́.

Lónìí tí màmá rẹ ń wá ìlà oòrùn láti kọjú sí gbàdúrà, mo sọ fún un pé, "Kọjú síbi tó bá wù ẹ́, ẹnì kankan ò bọ̀."